Àáró Abẹ́ Ilẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Ẹ̀dá Tí Ojú Kò Rí

Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo fún ògì rí mọ̀ pé a kì í fi nǹkan kan sí i ju omi lọ. A ó da omi lé e, a ó dé e, a ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí a bá máa fi ṣí i, ojú omi náà ti ń hó, ó ti kan, òórùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó pe òṣìṣẹ́ kankan wá, síbẹ̀ iṣẹ́ ti ṣe. Àwọn tó ṣe é bá àgbàdo wálé láti oko, àwọn mìíràn ti wà lára ìkòkò, wọ́n sì ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Àwọn kan kọ́kọ́ jẹ ṣúgà inú ọkà náà, ohun tí wọ́n yà sílẹ̀ mú omi kan, kíkan náà lé àwọn kan lọ, àwọn tó fẹ́ràn kíkan sì gba ipò wọn. Bó ṣe ń lọ nínú ìkòkò ògì yìí náà ló ń lọ nínú ilẹ̀ oko, nínú òkun, nínú ọ̀gán àti nínú ẹrẹ̀ etí odò.

Orúkọ tí a sọ wọ́n ni kò jẹ́ ká kà wọ́n sí. Kòkòrò àrùn la ń pè wọ́n, nítorí pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìròyìn wọn gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa: kọ́lẹ́rà, ikọ́ ife, ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn tó ń fa àrùn wà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ju ìwọ̀nba lọ nínú ogunlọ́gọ̀ yìí. Ẹ̀dá àìfojúrí ni màá máa pè wọ́n níhìn-ín: bakitéríà, àwọn tí wọ́n ń pè ní ákíà, àti fọ́ńgáì, ìyẹn ìdílé olú àti ti ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ àáró. Lónìí gbogbo yín á wá bá mi roko, lọ́túnla a ó lọ ro tìrẹ. Ẹni tí kò bá yọjú sóko ẹlòmíràn, òun nìkan ni yóò ro tirẹ̀. Ìbéèrè tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nígbà tí àgbẹ̀ bá ní ilẹ̀ òun ti ṣá, kí ló kúrò níbẹ̀? Nínú gbogbo ohun tí mo kà tí mo sì wò, ìdáhùn tó ń padà wá ni pé àáró abẹ́ ilẹ̀ ló tú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1676, Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft nílẹ̀ Netherlands, kọ lẹ́tà sí Royal Society ní London. Ó ti rẹ ata sínú omi nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú ata ta lẹ́nu. Nígbà tó fi awò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wo omi náà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín ló rí tí wọ́n ń wẹ̀ káàkiri. Ó tó igba ọdún lẹ́yìn náà kí Louis Pasteur àti Robert Koch tó fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ló ń fa àrùn, láti ìgbà náà ni orúkọ wọn sì ti bàjẹ́. Ní àkókò yẹn kan náà ni Sergei Winogradsky, tí wọ́n bí ní Kyiv, gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ó bu ẹrẹ̀ àti ilẹ̀, ó sì ń béèrè iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe níbẹ̀. Mo gbà pé òun ló béèrè ìbéèrè tó yẹ ká béèrè.

Ohun tó dá ìmọ̀ yìí dúró fún ìgbà pípẹ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀ kọ̀ láti hù nínú àwo pẹlẹbẹ tí àwọn onímọ̀ fi ń sìn wọ́n. Ẹ mú ẹnì kan kúrò nínú àáró, ẹ tì í mọ́ yàrá, ẹ fún un lóúnjẹ, kó wá ṣiṣẹ́! Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, ìdọ̀tí ẹnìkejì ni. Ọ̀nà là nígbà tí Carl Woese àti George Fox, ní 1977, ń ka àmì ìdílé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ pátápátá ni àwọn ákíà. Lónìí, wọ́n lè bu ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, kí wọ́n ka DNA gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gíráàmù ilẹ̀ kan péré, tí kò kún ṣíbí ìmutíì, lè gba bakitéríà tó bílíọ̀nù 1. Ní 2018, Yinon Bar-On, Rob Phillips àti Ron Milo gbìyànjú láti wọn gbogbo ohun alààyè ayé nípa kábọ̀n inú wọn. Wọ́n rí nǹkan bíi 550 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù: ewéko kó 450, bakitéríà 70, fọ́ńgáì 12. Gbogbo ẹranko, láti orí erin dé orí kòkòrò, kó nǹkan bíi 2. Àwa ènìyàn kó 0.06.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìṣírò ká lọ sóko. Ẹ wa ẹ̀wà kan yí ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tó bá ń tanná, ẹ gbé e jáde, ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó róbótó lára rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní àìsàn ni. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi èékánná pín in sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Bó bá funfun, bóyá kò tíì dàgbà, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀lẹ ló gba yàrá náà. Bó bá ti ń ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ìbátan ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa ló mú inú kókó náà pupa, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń gbé ọ́síjìn.

Ìdí tí ẹ̀wà fi ṣe gbogbo wàhálà yìí kò le. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ni náítírójìn, ewéko kò sì lè fi ewé tàbí gbòǹgbò mú ẹyọ kan nínú rẹ̀. Átọ́ọ̀mù méjì ló di ara wọn mú níbẹ̀, ìdè mẹ́ta ló sì so wọ́n. Láti já ìdè náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fatiláísà ń lo ooru tó ju ìwọ̀n 400 Celsius lọ pẹ̀lú ìfúnpá tó kàmàmà. Bakitéríà inú kókó ẹ̀wà ń já a nínú ilẹ̀ tútù. Hermann Hellriegel ló kéde ní Jámánì ní 1886 pé inú àwọn kókó yìí ni agbára ẹ̀wà wà, nígbà tó sì di 1888, Martinus Beijerinck yọ bakitéríà náà sọ́tọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sórí ilẹ̀ tí àgbàdo ti lò tán ti mọ èrè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Wọn ò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí i pé àáró ni. Ẹ̀wà ń san ṣúgà tó fi oòrùn ṣe. Bí bakitéríà kan bá wá jẹun láìṣiṣẹ́ ńkọ́? Toby Kiers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ẹ̀wà sóyà ní 2003. Wọ́n yọ náítírójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kókó kan, kí bakitéríà inú wọn má lè rí iṣẹ́ ṣe. Ewéko náà dín ọ́síjìn àwọn kókó yẹn kù, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀ sí i bí ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí kò roko ẹlòmíràn, ẹ kúkú mọ bí tirẹ̀ ṣe ń rí.

Ìdí nìyẹn tí fatiláísà fi lè tú àáró náà ká. Bí náítírójìn bá ti kún ilẹ̀ látinú àpò, ewéko kì í ya kókó púpọ̀ mọ́. Kí ló fẹ́ sanwó fún? Mi ò bá fatiláísà jà o. Ilẹ̀ tó ti ṣá gan-an nílò rẹ̀, àgbàdo kò sì ní kókó. Àmọ́ ẹni tó ń da ti náítírójìn sí ìdí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ń sanwó fún alágbàṣe láti lé ọmọ ilé rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀wà sóyà mú ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, bakitéríà tó mọ èdè rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, gba ọ̀nà méjì. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn irúgbìn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx, sóyà tó lè bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe NoduMax, bakitéríà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kí àgbẹ̀ lè fi ra irúgbìn kó tó gbìn ín. Ọ̀nà kejì yìí dára, àmọ́ ohun ẹlẹ́mìí ló wà nínú ọ̀rá náà. Bí ọlọ́jà bá fi sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, òkú ló ń tà. Bí ilẹ̀ bá sì ti kún fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tó pọ̀ ju àlejò náà lọ, kì í rí àyè wọlé.

Bí ewéko bá kú, iṣẹ́ náítírójìn kò tíì parí. Winogradsky rí i ní nǹkan bí 1890 pé bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, òmíràn sì ń gba náítíráìtì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ ọ́ di náítíréètì tí gbòǹgbò lè mu. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí gbogbo ìwé fi kọ́ni pé kò sẹ́ni tó lè dá ìpele méjì àkọ́kọ́ ṣe. Ní 2015, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì rí ọ̀kan tó ń dá wọn ṣe. Lára irú àjọṣe yìí kan náà ni àwọn ìlú ńlá ń jẹ. Láti 1914 tí Edward Ardern àti William Lockett ti fi hàn ní Manchester pé téèyàn bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí, tó sì tọ́jú ẹrẹ̀ tó bá sílẹ̀ fún omi tó ń bọ̀, àwọn ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ náà yóò fọ̀ ọ́ mọ́, ohun tó ń gba odò lọ́wọ́ omi ìgbọ̀nsẹ̀ káàkiri ayé nìyẹn.

Nípa fọ́ńgáì tó so mọ́ gbòǹgbò, ẹ̀rí àtijọ́ wà. Lára àpáta Rhynie ní Scotland, wọ́n rí ewéko tó ti di òkúta láti nǹkan bíi 407 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, fọ́ńgáì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn okùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, wọ́n ń wọ ihò tí gbòǹgbò ò lè wọ̀, wọ́n ń kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bọ̀, wọ́n sì ń gba ṣúgà. Ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn tó gbára lé wọn jù. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, irun ara rẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ ó ń ta lórí ilẹ̀ tí àgbàdo kò lè dúró lé. A ti ń yin ẹ̀gẹ́ pé ó le, òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí òǹkàwé rọra ni ìtàn pé àwọn igi inú igbó ń fi okùn fọ́ńgáì bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ìyá igi ń bọ́ ọmọ. Ìtàn náà dùn, ó sì ti ta kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ tí Suzanne Simard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997, tó fi hàn pé kábọ̀n ń kọjá láti ara igi kan sí òmíràn nínú igbó Kánádà. Ní 2023, Justine Karst, Melanie Jones àti Jason Hoeksema padà yẹ ẹ̀rí wò, wọ́n ní ohun tí wọ́n rí nínú igbó gidi kò tó láti gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró. Jones yìí wà lára àwọn tó kọ iṣẹ́ 1997 náà. Mo fẹ́ràn onímọ̀ tó lè padà bi ara rẹ̀ léèrè.

Ọ̀gán ò nílò àsọdùn rárá. Àwọn ikán tó ń mọ òkìtì gíga lóko wa kò lè dá igi gbígbẹ jẹ kó dà nínú wọn pátápátá. Wọ́n ń rún igi àti koríko, wọ́n ń yà á jáde, wọ́n sì ń fi mọ ohun kan tó rí bí afárá oyin nínú ìyẹ̀wù ọ̀gán. Lórí afárá yẹn ni fọ́ńgáì kan, Termitomyces, ń hù. Òun ló ń tú igi náà palẹ̀, ikán á sì wá jẹ òun àti ohun tó tú. Àgbẹ̀ ni ikán, nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù ọdún ló sì ti ń ṣe é, inú igbó kìjikìji Áfíríkà ni wọ́n gbà pé iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tó, fọ́ńgáì náà á yọ orí jáde láti ara òkìtì. Àwọn ọmọdé á sáré lọ tu ú kí ẹlòmíràn tó débẹ̀, ọbẹ̀ ti dé nìyẹn. Olú tí à ń jẹ lórí ọ̀gán, èso oko ikán ni.

Ilẹ̀ ara ọ̀gán sì máa ń sàn ju ti àyíká rẹ̀ lọ: amọ̀ ibẹ̀ kúnná, ohun tí ewéko ń jẹ pọ̀ níbẹ̀, omi ń rí ihò wọlé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science pé níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, òkìtì ikán lè mú kí koríko pẹ́ kó tó gbẹ kúrò pátápátá, kó sì tètè padà bí òjò bá dé. Ẹni tó da oògùn sínú ọ̀gán nítorí òpó ilé rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀, mi ò bá a wí. Ẹni tó ń wó gbogbo ọ̀gán inú oko rẹ̀ ló yẹ kó dúró gbọ́.

Ti òkun, ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn. Nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí ewé ń ṣe láyé, ìyẹn fífi oòrùn ṣe oúnjẹ, inú omi ló ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn tíntìntín ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Prochlorococcus, pọ̀ débi pé kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ tó tó o lóǹkà, síbẹ̀ ọdún 1988 ni Sallie Chisholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ròyìn rẹ̀ fáráyé.

Ní ilẹ̀ Ogoni ní Niger Delta ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá yìí ti di ẹjọ́. Òótọ́ ni pé bakitéríà wà tó ń jẹ epo rọ̀bì. Nígbà tí kànga epo bú ní Gulf of Mexico ní 2010, àwọn tó ń jẹ epo pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú omi jíjìn tó tutù. Epo ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ayébáyé, nítorí náà ẹgbẹ́ tó mọ epo jẹ ti wà nílé. Epo náà tún fọ́n ká wẹ́wẹ́ nínú omi tí ọ́síjìn wà. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní kí a fi ti Niger Delta náà sílẹ̀, yóò fọ ara rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká gbé àbọ̀ ìwádìí lórí ilẹ̀ Ogoni jáde ní oṣù kẹjọ 2011. Ní Nisisioken Ogale, benzene, kẹ́míkà olóró inú epo, tó wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé gbà láyè lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n rí epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lójú omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà tún ilẹ̀ ṣe ni pé kí wọ́n ro òkè rẹ̀, kí wọ́n da fatiláísà sí i, kí bakitéríà lè rí afẹ́fẹ́ àti náítírójìn jẹ epo. Àmọ́ níbi púpọ̀, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán. Ọkọ́ wo ló ń dé mítà márùn-ún? Níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́, náítírójìn kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń retí pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ìwádìí náà sọ pé ìmúbọ̀sípò àyíká náà lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹni tó ní bakitéríà yóò fọ epo náà, tí kò gbẹ́ epo jáde, tí kò sì dí ibi tó ń jò, ti gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹ̀dá àìfojúrí lórí.

Ibi tí mo ti rí i pé ìmọ̀ yìí dé ọwọ́ tó dára ni ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu. Fọ́ńgáì kan, Aspergillus flavus, máa ń fi májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú wọn. Májèlé náà ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ní 2004 ó pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà nínú àgbàdo tí wọ́n jẹ. Gbogbo ìdílé fọ́ńgáì yìí kọ́ ló ń ṣe májèlé. Peter Cotty ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wá àwọn ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí kì í ṣe é, wọ́n yan mẹ́rin, wọ́n fi ra ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má bàa hù. Orúkọ rẹ̀ ni Aflasafe. Àgbẹ̀ á fọ́n kílò 10 sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Àwọn aláìnímájèlé á pọ̀, wọ́n á gba ilé mọ́ àwọn oníkà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti pa gbogbo fọ́ńgáì inú oko. Ẹni tí yóò jókòó sórí ìjókòó ni wọ́n pààrọ̀.

Mo fi èyí wé àwọn ìgò tí wọ́n ń polówó lórí fóònù báyìí, pé bakitéríà àǹfààní ló wà nínú wọn, pé wọn yóò sọ ilẹ̀ tó ti ṣá di ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé irú èwo ló wà nínú rẹ̀, irè oko wo ló wà fún, ìgbà wo ló sì máa kú. Bí kò bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tọ́jú owó yín.

Owó kò pọ̀ nínú ohun tí àáró abẹ́ ilẹ̀ ń béèrè. Iná tí a ń dá sí pàǹtí oko ń jó oúnjẹ wọn, ó sì ń pa àwọn tó wà lójú ilẹ̀. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta ń gbóná ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fara dà. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ń kó èyí tó pọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ sínú ọmọ tí à ń ká, ohun tó ṣẹ́ kù fún ilẹ̀ kò ju ewé, igi àti gbòǹgbò lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá kó ẹ̀wà yín tán lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tu, ẹ má sì dáná sun ún. Ẹ fi àdá gé e nídìí, ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ níbi tó wà.